Ẹ́ńjìnnì Tó Súnkì

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, bí ẹ bá rò ó fún òkúta, òkúta á rẹ́rìn-ín. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ló pè é. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń tún ọkọ̀ àtijọ́ tó fi gbé ìyàwó rẹ̀ wálé ṣe lẹ́yìnkùlé. Àfi ọjọ́ tó lọ fi ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ fọ fáàfù, irin tó ń ṣí tó ń padé nínú ẹ́ńjìnnì! Màmá di ẹrù, ó kọrí sílé ọmọ wọn obìnrin.

“Kábíyèsí, ó ní ọkọ̀ tó gbé òun wálé ọkọ ló máa wá gbé òun padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di gbére. Ilé ti dá páropáro. Ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

“Ta wá lẹ pè lẹ́jọ́, ògiri ni?”

“Ojú-Ìwọ̀n ni, Kábíyèsí.”

Ojú-Ìwọ̀n ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù. Kì í wọn nǹkan, ó kàn ń wò ó ni.

“Fáàfù kan sọnù, mo mú òmíràn lọ bá a fún àpẹẹrẹ, mo ní kó fún mi nírú rẹ̀. Èmi àti mẹkáníìkì fi í sínú ẹ́ńjìnnì, a ṣíná, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ìgbà tá a tú u, ọ̀pá fáàfù gùn jù, kò lè padé!”

“Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ojú-Ìwọ̀n, fọhùn.”

“Kí adé pẹ́ lórí. Fáàfù mi ò gùn. Ẹ́ńjìnnì bàbá ló súnkì.”

“Ló ṣe kí ni?”

“Ó ti darúgbó, Kábíyèsí. Ṣé àgbàlagbà kì í kúrú ni?”

Ìjòyè tó kúrú jù láàfin tẹjú mọ́ ọn, kò ṣẹ́jú. Wọ́n pe mẹkáníìkì wá jẹ́rìí.

“Ṣé o wọn fáàfù kó o tó fi sí i?”

“Mo wọ̀n ọ́n dáadáa.”

“Kí lo fi wọ̀n ọ́n?”

“Ojú-Ìwọ̀n ló bá mi wọ̀n ọ́n.”

“Èmi kẹ̀? Ìwọ lo ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu!”

“Mo lè sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.”

Kábíyèsí ní kí wọ́n gbé fáàfù àpẹẹrẹ ti èyí tí wọ́n tà. Ọgbọọgba ni wọ́n!

“Bàbá, níbo lẹ ti rí àpẹẹrẹ yìí?”

“Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni, Kábíyèsí.”

Ohùn kan dún lẹ́yìn èrò. Màmá fúnra rẹ̀ ni.

“Ti ọkọ̀ akẹ́rù tí bàbá ọmọ mi ń wà nígbà kan nìyẹn! Òun ni mo fi ń ti fèrèsé láti ọjọ́ yìí.” Ó tú ìdì aṣọ nínú báàgì rẹ̀, fáàfù kan yọ, ọ̀pá rẹ̀ kúrú. “Tọkọ̀ wa rèé. Inú ìkòkò mi ni mo ti bá a.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé e lọ?”

“Kó lè wá bi mí ni. Mo ní bó bá wá a tì, á wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ Ojú-Ìwọ̀n ló lọ!”

Ojú ti Bàbá. Inú rẹ̀ sì dùn, nítorí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Màmá ń retí òun.

Kábíyèsí fi ìrùkẹ̀rẹ̀ gbá ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Mẹkáníìkì, o fi ẹnu wọn irin. Ojú-Ìwọ̀n, ohun tí wọ́n béèrè lo tà, o jàre, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ jẹ̀bi. Màmá, nígbà tẹ́ ẹ ní kí ọkọ̀ wá gbé yín, ṣé ẹ sọ pé kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́?”

Màmá rò ó. “N kò sọ bẹ́ẹ̀, Kábíyèsí.”

“Ó parí. Àwọn mẹ́ta yìí ni ẹ́ńjìnnì yín. Wọ́n á ti ọkọ̀ lọ sílé ọmọ yín, wọ́n á tì yín bọ̀ wálé.”

Òkè ni ọ̀nà àbọ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá di sítíárìn mú, fáàfù wà lórí itan rẹ̀. Ní ìdajì òkè, ọkọ̀ fẹ́ dúró, Màmá yọrí lójú fèrèsé.

“Bàbá ọmọ mi, àbí ẹ ti súnkì ni?”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún ki èjìká bọ ìdí ọkọ̀.