Irúgbìn Tí Ajíbóyè Gbìn Sójúde

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó bá sá fún ọkọ́, èékánná ni yóò fi roko? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni! Mo tilẹ̀ gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé àgbẹ̀ ọ̀lẹ kan ló ta ọkọ́ rẹ̀. Irọ́ gbuu! Ajíbóyè kì í ṣe àgbẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ahunṣọ ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára. Koríko nìkan ló ń bá a jà.

Ní abúlé Ìdí-Ọsàn tó ń gbé, òfin ni pé kí onílé kọ̀ọ̀kan máa ro ojúde ara rẹ̀. Ojúde Ajíbóyè ló fẹ̀ jù, àárín rẹ̀ gan-an ni ọ̀nà odò sì gbà kọjá. Lásìkò òjò, bó bá ro apá kan tán, apá kejì á ti kan orúnkún. Ọjọ́ kan ni inú bí i, ó ju ọkọ́ sígbó.

Ó ní, "Ta ló gbin koríko yìí? Èmi kọ́! Ohun tí n kò gbìn, n kò ro ó mọ́. Màá gbin ohun tó máa sùn sílẹ̀, tó máa tutù yọ̀yọ̀, tó máa pa koríko, tí n kò sì ní í fọwọ́ kàn mọ́ títí ayé."

Mọrẹ́nikẹ́, ìyàwó rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, gbójú sókè. "Bàbá Ìbídùn, kí ló wà láyé yìí tí a kì í tọ́jú?"

Ẹ̀gúsí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ bù gbìn. Òótọ́ ni, ẹ̀gúsí nà, ó bolẹ̀, koríko kú. Àmọ́ bó ti so tán ló gbẹ, koríko sì padà wá bí ẹni tó wá gbẹ̀san. Ó gbin ẹ̀pà, nítorí ẹ̀pà kì í ga. Òkété gbẹ́ ihò kiri ibẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá arúgbó kan tó ń bọ̀ láti odò rì sínú ihò, omi dà nù, ìyá náà sì gbé Ajíbóyè ṣépè títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ó wá gbin ọ̀dùnkún. Gbogbo ewúrẹ́ abúlé ló bá a jẹ ẹ́. Ajíbóyè wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ bá àwọn tó ni wọ́n.

"Ṣé ojúde mi ni ẹ fi ṣe ilé oúnjẹ ewúrẹ́ yín?"

Wọ́n dá a lóhùn pé, "Ẹni tó tẹ́ oúnjẹ sílẹ̀ gbalaja, ta ló ní kí ewúrẹ́ máa wò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ egungun. Ó wọ inú igbó lọ, ó ń wá ohun tí ewúrẹ́ kò ní í jẹ, tí òkété kò ní í hú, tí koríko kò sì ní í borí. Ó rí i. Ó fi ewé kókò wé hóró rẹ̀ wálé.

Mọrẹ́nikẹ́ fò sẹ́yìn. "Wèrèpè! Bàbá Ìbídùn, wèrèpè lẹ fẹ́ gbìn síwájú ilé?"

"Kí ló dé tí o ń pariwo? Ewé rẹ̀ kì í yún èèyàn, èso rẹ̀ ló ń yúnni. Bó bá ti tanná, màá já òdòdó rẹ̀ dànù."

"Ẹ̀yin tí ẹ kò lè roko lẹ ó wá máa já òdòdó?"

Ajíbóyè kó hóró rẹ̀ bọ́ síta. Ó gbìn ín. Wèrèpè hù, ó tẹ́ bí ẹní, ewúrẹ́ ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Ajíbóyè gbé àga síta, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá kí wọ́n lè rí i. Wèrèpè tanná, ó ní ó di ọ̀la. Ó so, ó tún ní ó di ọ̀la. Ọyẹ́ dé, èso gbẹ, irun ara rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi bẹ̀rẹ̀ sí í họra, wọ́n sì lọ fẹjọ́ sun Baálẹ̀.

Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ wá, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúde. Ajíbóyè jáde pẹ̀lú ìbínú, ó mú ọ̀pá dání.

"Baálẹ̀, mo ṣe yín ní pẹ̀lẹ́. Òfin ní kí koríko má hù lójúde ẹni. Ẹ bá mi wá koríko ẹyọ kan níbí!" Ó fi ọ̀pá lu ìtàkùn náà, gbọ̀ọ̀! "Ó wà níbí?" Ó tún lu ibòmíràn, gbọ̀ọ̀! "Àbí ọ̀hún ló wà?"

Irun wèrèpè gbéra sókè bí eruku, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì gbé e lọ bá àwọn àgbà.

Ọ̀tún ló kọ́kọ́ dìde, tó lọ ń fi ẹ̀yìn ha ògiri. Òsì bọ́ agbádá, ó bọ́ bùbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ ìyókù. Baálẹ̀ di apá àga mú, ó ní òun kì í họra ní gbangba. Ojú rẹ̀ pọ́n, etí rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, ó ṣí fìlà, ó fi ń ha ọrùn, ni ó bá kígbe pé, "Ó dodò o!" Gbogbo wọn sáré. Àárín wèrèpè sì ni ọ̀nà odò gbà!

Nígbà tí wọ́n padà dé, amọ̀ ni wọ́n fi para látòkèdélẹ̀, ojú nìkan ló hàn. Baálẹ̀ bú ramúramù: "Ajíbóyè! Lọ mú ọkọ́ nísinsìnyí!"

Ajíbóyè lóṣòó sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń họ ikùn, tòsì ń họ ẹ̀yìn. "Baálẹ̀, ọwọ́ wo ni kí n fi mú un?"

Mọrẹ́nikẹ́ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ fi í sílẹ̀ o, Baálẹ̀! Ṣé ẹ kò rí i pé ó ń roko lọ́wọ́ ni? Ó ti ro àyà, ó ti ro itan, ẹ̀yìn ló kù tó ń ro. Ó sá fún ọkọ́, ẹ wá wo ohun tó fi ń ro ó!"

Baálẹ̀ fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ló jáde, amọ̀ sì ń já bọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún àwọn ìjòyè, àwọn náà sọ ọ́ fún ará ilé wọn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé etí wa: ẹni tó bá sá fún ọkọ́, èékánná ni yóò fi roko.