Eyín Wúrà Àlájà àti Àwo Bulúrè Saïbou

Ní Djègan-Kpèvi, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, kí oòrùn tó là, ó ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ Saïbou. Òun ni Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀, A-ya-kòkòrò-kó-tóbi-bí-erin, ọkùnrin tó ń ya fídíò ìgbéyàwó tó sì ń pè é ní sinimá. Kámẹ́rà kan ló ní, ṣùgbọ́n jígí dúdú rẹ̀ tó mẹ́ta.

Ká má fi í ṣẹ̀sín jù. Bákan náà ni gbogbo wa rí ní Àjàṣẹ́: ẹni tó bá ra bàtà tuntun, ọ̀nà tó jìn ló ń gbà délé.

Àlájà Mouïnatou, oníṣòwò aṣọ, ti Mẹ́kà dé pẹ̀lú eyín wúrà kan níwájú ẹnu. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Ó rẹ́rìn-ín níbi òkú pàápàá.

"Saïbou, níbi àríyá àbọ̀ Mẹ́kà mi, eyín yìí ni kó o yà. Èmi kàn ń sìn ín wá ni."

"Àlájà, ìyẹn gba àwo bulúrè, Blu-ray tí àwòrán rẹ̀ mọ́ bíi dígí! DVD lásán ò lè gbé irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò jóná. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ni bulúrè ń gba lísáńsì, owó àṣẹ, kí wọ́n tó báni tẹ̀ ẹ́."

Àlájà san owó àṣẹ náà lójú ẹsẹ̀.

Ká sòótọ́, Saïbou pe ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo lókè òkun. Wọ́n ní iye kan náà ni lísáńsì, ì báà ṣe ogójì àwo, ì báà ṣe ọ̀kẹ́ méjì.

"Háà! Èmi tí mò ń dín àkàrà mẹ́wàá, àti ẹni tó ń dín in kún ọkọ̀ ojú omi, owó ìṣọ̀ kan náà?"

Ẹni tó wà lọ́hùn-ún béèrè kí ni àkàrà.

Owó Àlájà ò tó ìdajì. Ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Saïbou ní tòun, àpáta gan-an lòun máa jẹ. Dípò kó dá owó padà, ó fi ṣe pátákó ńlá síwájú ṣọ́ọ̀bù: SAÏBOU BULÚRÈ, tòun ti àwòrán orí rẹ̀, orí tó fẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó wá gbé àríyá náà sórí DVD lásán, ó kì í bọ páálí aláwọ̀ búlúù.

"Ta ni yóò mọ̀?" ló wí. "Páálí là ń wò ní Àjàṣẹ́."

Ọjọ́ ìwòran pé. Àwọn Àlájà kún pálọ̀ fọ́fọ́, tẹlifíṣọ̀n fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Saïbou wọ kóòtù, ó fi jígí dúdú sójú nínú ilé.

"Ẹ di ojú yín mú o! Ẹni tí ojú ń dùn, kó jókòó lẹ́yìn!"

Àwòrán jáde, ó ṣe bàìbàì bí ẹja nínú ọ̀sà lásìkò òjò. Àlájà yanu rẹ́rìn-ín lórí ẹ̀rọ. Níbi tó yẹ kí wúrà wà, ihò dúdú ni.

"Yéè!" Àlájà Karimath, tí wọ́n jọ lọ Mẹ́kà, fọwọ́ bonu. "Àlájà wa, ṣé eyín náà ti ká ni?"

Mouïnatou dìde. "Saïbou! Eyín mi dà?"

"Àlájà, ó... ó wà nínú lísáńsì."

"Lísáńsì náà dà?"

"Mo rí i láàárọ̀ yìí," Karimath dáhùn. "Ó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó lórí, ó sì wọ jígí dúdú."

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan lòótọ́ máa ń bá a. Ti Saïbou ò tíì wọ bàtà tí òótọ́ arọ fi gbá a mú.

Faïzou, ọmọ Àlájà, ti yọ fóònù, ó ń yà wọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo oní-zémì, àwọn ọlọ́kadà wa, títí dé Sèmè-Kpodji ti rí i: eyín Àlájà ń kọ mànà bó ṣe ń bú, Saïbou dọ̀bálẹ̀ gbalaja, jígí rẹ̀ fò lọ, ojú rẹ̀ mọ́ kedere débi pé èèyàn lè ka irun imú rẹ̀.

Àlájà gba pátákó dípò owó, ó fi bo ilé adìyẹ.

Saïbou náà wo fídíò ọ̀hún, ó tún un wò, ó mí kanlẹ̀.

"Ọmọ yìí mọṣẹ́ o," ló wí. "Kò sì san lísáńsì kankan."