Nígbà tí Mo Fi Ẹ̀rọ Ṣọ́ Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Àgbà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ìyá àgbà lára ní ọsibítù kan níbí ní Ìwó, tí èmi tí mi ò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì sọ ara mi di ọ̀gá nọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà ara mi. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìlera bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, mo ní tẹmómítà, mo sì ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń ki ìka bọ̀, tó máa ń sọ bí ọkàn ṣe ń sáré tó. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní dókítà. Mo mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n mo ń jẹ́ ẹ.

Ọgbẹ́ inú ló fa ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà gbẹ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi funfun bí ẹ̀kọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Nínú gbogbo àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ tá a na apá, ti Káyọ̀dé àbúrò mi nìkan ló bá a mu, Káyọ̀dé tó bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ju ejò lọ. Àpò kan ṣoṣo la rí. Nọ́ọ̀sì ní tí wọ́n bá ti gbé e kúrò nínú fìríìjì, wákàtí mẹ́rin ló ní. Èyí tó bá ṣẹ́kù, dídànù ni.

Nọ́ọ̀sì náà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo, wọn ìfúnpá ìyá àgbà, ó wọn ìgbóná ara, ó ka bí ọkàn ṣe ń lù àti bó ṣe ń mí. Ó gbé ẹ̀jẹ̀ kọ́, ó jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún wọn gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ tó bá máa bá èèyàn jà, ìbẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń jà," ni mo wí, kó lè mọ̀ pé ẹgbẹ́ ni wá.

Ó wò mí. "Ẹ ṣé o, dókítà. Tí ẹ bá rí ohun tí kò yé yín, ẹ pè mí. Ẹ má fọwọ́ kan rọ́bà yìí o."

Bó ṣe kẹ́yìn sí mi báyìí, mo ki ìka ìyá àgbà bọ inú ẹ̀rọ mi. Méjìdínlọ́gọ́rin. Ó dáa. Mo tẹjú mọ́ ọn bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku.

Ìgbà náà ni àbúrò ìyá àgbà dé láti Olúpọ̀nnà. Ìyá Olúpọ̀nnà là ń pè é. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàgbàtàgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

"Àjọkẹ́ o! Àjọkẹ́ ọmọ oníṣu tí í ta lórí àpáta, ọmọ afún-àlejò-jẹ kó tó bi í lórúkọ…"

Mo gbọ́ ọ o, ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ni. Ojú mi wà lára ẹ̀rọ. Méjìdínlọ́gọ́rin di àádọ́rùn-ún. Àádọ́rùn-ún di mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Mo wo apá rẹ̀: gbogbo irun ara ti dìde. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àmì tí mo kọ́ lórí fóònù pé pérépéré!

"Ẹ̀jẹ̀ ń bá a jà o!" Mo na ọwọ́ sí rọ́bà, mo tì í pa. Bí mo ṣe yí padà láti sáré pe nọ́ọ̀sì, mo gbá ife ògì obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ògì gbígbóná dà sí mi nítan. Mo tún ké, igbe tara mi nìyẹn. Obìnrin náà rò pé iná ló ń jó. Ó gbá dírípù rẹ̀ mú tòun ti irin tí wọ́n gbé e kọ́, ó ń wọ́ ọ lọ sẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ jẹ́ n kọjá! Mo ṣì ní ọmọ kékeré nílé!"

Nọ́ọ̀sì àti dókítà sáré dé. Wọ́n yọ rọ́bà ẹ̀jẹ̀, wọ́n fẹ́ fi omi iyọ̀ rọ́pò rẹ̀, omi ò lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sẹ́nu abẹ́rẹ́ látìgbà tí mo ti tì í pa. Káyọ̀dé, tó jókòó sí igun yàrá, gbójú sókè wo àpò. "Bùọ̀dá mi, ẹ̀jẹ̀ mi lẹ so rọ̀ yẹn o. Mi ò ní òmíràn."

Nọ́ọ̀sì wọn ohun gbogbo. Ara ò gbóná. Ìfúnpá dáa. Ẹ̀yìn ò dùn ún, nǹkan kan ò sú sí i lára. "Ìyá, kí ló ṣe yín?"

"Kí ni ì bá ṣe mí?" ni ìyá àgbà wí. "Orí mi ló wú. Àbúrò mi ń kì mí lọ́wọ́ lọmọ yìí figbe ta. Kò tíì kan bàbá wa rárá."

Nọ́ọ̀sì ní kí Ìyá Olúpọ̀nnà kì í díẹ̀ sí i. "Àjọkẹ́ ọmọ oníṣu" nìkan ló wí tí ẹ̀rọ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Dókítà kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ń wá iṣan. Ẹ ò mọ bí iṣan arúgbó ṣe ń sá pamọ́. Wọ́n gún apá ọ̀tún, kò sí. Wọ́n gún òsì, kò sí. Ìyá àgbà di ojú, àpò ẹ̀jẹ̀ wà lókè, àkókò ń lọ. Ká ní ilẹ̀ là nígbà yẹn, ǹ bá ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ni wọ́n ti wá rí ọ̀kan.

Orí bẹ́ńṣì níta ni wọ́n lé mi lọ, ògì ń gbẹ mọ́ mi ní ṣòkòtò. Ẹ̀jẹ̀ náà tán kí àkókò rẹ̀ tó pé, kó tó di pé ìyá àgbà ní kí n wọlé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀. "Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ, jókòó. Gbọ́ ọ dáadáa."

Mo jókòó, mo gbọ́ ọ. Ó kan bàbá wọn, ó kan ìyá wọn, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Irun apá tèmi náà bá dìde. Mi ò wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀: kéèyàn tó gba ẹ̀rọ gbọ́, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ara. Rọ́bà tí wọ́n bá sì ní kó o má fọwọ́ kàn, ọ̀rẹ́ mi, má fọwọ́ kàn án. Tí mo bá ti rántí dókítà tó kọjú sí ògiri yẹn, èmi náà á wá ògiri kọjú sí, màá wá rẹ́rìn-ín ara mi.