Ọjọ́ Tí Bàbá Ìyàwó Mi Dùbúlẹ̀ Nítorí Ìmọ́lẹ̀

Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí mo darúgbó, tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, n ò ní gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ lọ kí bàbá Bọ́lá, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, nílé wọn n'Ìjerò. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni Bàbá. Bọ́lá sì ti kìlọ̀ fún mi: "Bí bàbá mi bá ti ní rárá, ó tán nìyẹn o."

Kí ló kàn mí! Ṣebí ọmọ yunifásítì ni mí. Mo gun ọ̀kadà wá láti Ẹfọ̀n, mo fi jígí dúdú bojú nítorí eruku. Nígbà tí mo wọlé, mi ò bọ́ ọ. Mo kàn tẹrí ba díẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀ka igi. "Ẹ káàsán, sà."

Bàbá wò mí látòkè délẹ̀. "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Áà! Ìbéèrè tí mo ti ń retí! Mi ò tiẹ̀ jókòó. "A máa ń mú gáàsì gbóná nínú ẹ̀rọ, sà, títí yóò fi máa tú ìtànṣán ẹ́ksíréè jáde. A ó wá wò ó bóyá òòró ni ìtànṣán náà ń mì, àbí ìbú. Bí tinú ẹ̀rọ wa bá ti yé wa, ti ìràwọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò lè dé á yé wa."

"Kò yé mi."

Ọlọ́gbọ́n ìbá dákẹ́ níbẹ̀. Èmi bọ́ jígí mi, mo nà án sí Bàbá. Ọwọ́ òsì, ẹ̀yin ará, ọwọ́ òsì ni mo fi nà án! "Ẹ́ksíréè ò ṣeé fojú rí, sà, àmọ́ jígí yìí náà ń yan ìmọ́lẹ̀ tó máa gbà kọjá. Ẹ wo tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ yẹn, kẹ́ ẹ wá dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Bàbá fi jígí náà bojú, àmọ́ ọrùn àgbà ò yí tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ kúkú dùbúlẹ̀, sà." Tíṣà ò lè ṣe kó má fẹ́ mọ̀dí nǹkan. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbalaja níwájú mi.

"Yéè! Wọ́n ti múná lọ!"

"Wọn ò mú un lọ, sà! Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló dúró, jígí yín ló dùbúlẹ̀." Mo fọwọ́ lé ìbàdí, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àsìkò yẹn gan-an ni Màmá Bọ́lá gbé iyán wọlé. Wọ́n rí ọkọ wọn nílẹ̀, wọ́n rí mi lóòró. Iyán bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Mo gbé o! Kí lèyí nínú ulé mi? Bàbá Bọ́lá, ẹ̀yin lẹ wá ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó wá tọrọ ọmọ yín?"

Bọ́lá, tó tẹ̀ lé wọn wọlé, fọwọ́ bojú. Bàbá dìde, wọ́n rọra bọ́ jígí náà.

"Ẹ̀kọ́ rẹ ti yé mi. Nínú jígí rẹ, èyí tó bá dúró ló ń kọjá. Nílé tèmi, ẹni tó bá dúró ò ní kọjá."

Kí wọ́n tó pa ẹnu dé, mo ti wà nílẹ̀ gbalaja, àyà mi nínú iyán. Bàbá ò ní kí n dìde. Wọ́n padà sórí àga, wọ́n gbọ́ ìròyìn títí ó fi parí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá yíjú sí Màmá.

"Ẹ lọ gún òmíràn fún wa. Ti àna wa ti wà láyà rẹ̀."

Àna wa! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún sínú iyán náà.

Títí dòní, Bàbá ò dá jígí yẹn padà, òun ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà ti kọ́gbọ́n: kí n tó ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún àgbà, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń lọ. Ẹni tó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ṣe ń dúró, tí ò mọ bó ṣe yẹ kóun dúró níwájú bàbá ìyàwó! Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi.