Láwuyì àti Adìẹ Ẹ̀jẹ́ Méje

Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa sọ pé ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé"? Ẹ̀ ń mi orí. Orí mímì kọ́ ni mímọ̀ o. Bí mo bá ní kí ẹ sọ ìdí ẹ̀, ẹ ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, ẹ ó sì máa wo ojú ara yín. Ó dáa, ẹ fìdí balẹ̀, kí n sọ̀rọ̀ ẹni tó fi ikùn ara ẹ̀ kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n yìí.

Láwuyì lorúkọ ẹ̀, ará ìlú Olódán, ẹní ló ń hun jẹun. Ọkùnrin náà ga, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì gùn débi pé bó bá gbé ìṣísẹ̀ kan, ìwọ ti gbé mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá tó fún un lẹ́sẹ̀ kò fún un ní sùúrù. Bí wọ́n bá gbé ìkòkò kaná, kó tó hó, Láwuyì á ti ṣí i wò lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, á sì tún máa bínú sí i pé kò hó.

Àmọ́ ó fẹ́ràn ìyá ẹ̀, a ò ní fi ìyẹn dù ú. Àwẹ̀ró nìyá náà ń jẹ́, òun ló sì mọ ijó jó jù ní Olódán nígbà kan. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, orúnkún ti mú un mọ́lẹ̀. Kò lè dé ẹnu ọ̀nà ara ẹ̀ mọ́. Orí ẹní ló máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, tó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta, á béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Ó ń dun Láwuyì wọra.

Omi kan sì wà ní Orí-Àpáta, ìrìn ọjọ́ mẹ́fà sí Olódán, tí wọ́n ní ó dára fún ẹsẹ̀ ríro. Láti ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló fi ń ṣàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di àmọ́dún. Lọ́dọọdún, èèyàn méje máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ pọn ọ́n wá, ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ni wọ́n sì ń pè wọ́n. Òjò rọ̀, Láwuyì kúnlẹ̀ ti ìyá ẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, tí mi ò bá gbé omi yẹn dé, ẹ má pè mí lọ́mọ mọ́." Ó mú kèrègbè, ó di ẹnì keje.

Baba Ògúnjìnmí ni olórí wọn, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Baba kì í kọjá ibòji igi láìjókòó. Kì í kọjá ẹni tó ń roko láìkí i, tó bá sì kí èèyàn, á béèrè ìyàwó, á béèrè ọmọ, á béèrè ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, oòrùn ṣì wà lókè gan-gan nígbà tí Baba na ẹsẹ̀ sábẹ́ igi kan tó ní, "Ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi ní ká sùn síbí."

Láwuyì fò sókè. "Baba, ẹ jọ̀ọ́! A ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà! Omi ò ní dúró dè wá o!"

"Láwuyì, omi mọ̀ pé à ń bọ̀."

"Ta ló sọ fún un?"

"Ìwọ ṣáà jókòó," ni Baba wí.

Obìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Ẹníìtàn, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Ó ní, "Baba, ẹ jẹ́ ó máa lọ. Tó bá dé ibẹ̀ ṣáájú, á bá wa sọ fún omi pé ọmọńdinrín yín ló dá wa dúró." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ká Láwuyì lára. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó bọ́jú tán, ó ti gbé kèrègbè ẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní, "Máa pàdé yín lọ́hùn-ún!" Ẹsẹ̀ gígùn yẹn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti dé ìtòsí abúlé kan tó ń jẹ́ Ìdí-Emi, ebi sì ń pa á bí ẹni máa kú. Kò mú oúnjẹ dání. Lọ́dọ̀ Ẹníìtàn loúnjẹ gbogbo wọn wà, ẹ wo nǹkan!

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà Ìdí-Emi fún yín. Tí ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ bá dé ẹ̀yìn ọgbà wọn, wọn á kígbe pé, "Àwá dé o!" Ìgbà náà làwọn obìnrin á bu oúnjẹ jáde. Ẹni tó bá dá nìkan dé, àlejò lásán ni, omi tútù àti "ó dàbọ̀" ni tiẹ̀. Àmọ́ oúnjẹ tí wọ́n bá ti bù fún ẹlẹ́jẹ̀ẹ́, kò gbọ́dọ̀ padà sínú ìkòkò, ajá ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, igi emi wọn ò ní so lọ́dún yẹn, emi yẹn náà ni wọ́n sì fi ń ṣe òrí tà.

Láwuyì dúró lẹ́yìn ọgbà, ó ń gbọ́ òórùn ẹ̀wà. Ó sọ lọ́kàn ẹ̀ pé, "Bí mo bá ní èmi dé, omi tútù ni. Ṣebí àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Kì í kúkú ṣe irọ́." Ló bá kígbe pé, "Àwá dé o!" Ohùn kan ṣoṣo yẹn kò kún tó létí ẹ̀, ló bá fi kún un. Ó wúkọ́ bí Baba Ògúnjìnmí. Ó fi ohùn tín-ín-rín rẹ́rìn-ín bí Ẹníìtàn. Ó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ gìdìgìdì bí ẹni pé agbo màlúù ló dé.

Ìyá Ṣégilọlá, olórí àwọn obìnrin Ìdí-Emi, pariwo nínú ọgbà: "Àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ti dé! Méje! Ẹ bù ú!"

Kí Láwuyì tó yí ọgbà náà wọlé, wọ́n ti to àpótí méje. Omi gbígbóná wà nínú igbá méje. Ègbo sì wà nínú àwo ńláńlá méje, ẹ̀wà lórí ẹ̀, epo lórí ẹ̀wà.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni Ìyá Ṣégilọlá wí. "Àwọn yòókù dà?"

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, ìyá."

Ìyá na ọrùn wo ojú ọ̀nà. Ewúrẹ́ kan ló wà níbẹ̀. "Ẹ̀yìn wo?"

"Ẹ̀yìn... ẹ̀yìn díẹ̀."

"Ta ló wúkọ́ nígbà náà?"

"Èmi ni."

"Ta ló rẹ́rìn-ín?"

"Èmi náà ni, ìyá."

Ìyá Ṣégilọlá wò ó látòkè délẹ̀, bó sì ṣe gùn, ó pẹ́ kó tó wò ó tán. "Ó dáa. Àwá dé lo wí, àwá dé la gbọ́. Jókòó."

"Lórí àpótí wo?"

"Lórí méjèèje."

Àṣé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe àwàdà. Wọ́n gbé e jókòó sórí èkíní, obìnrin kan fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó kí i káàbọ̀, ó fi òrí pa á. Wọ́n gbé e lọ sórí èkejì, òmíràn wẹ̀ ẹ́, ó kí i bákan náà, ó fi òrí pa á. Kó tó dórí àpótí keje, ẹsẹ̀ méjèèjì ti ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀.

Wọ́n wá gbé ègbo ka iwájú ẹ̀. Àwo kìíní dùn, ó lá a. Èkejì náà lọ. Lórí ẹ̀kẹta ni ọwọ́ Láwuyì ti ń falẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ègbo, ẹ mọ̀ pé inú ikùn ló ti ń parí wíwú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀kẹrin dé, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, "Èyí ni ti Baba Ògúnjìnmí. Baba kì í jẹ kékeré o, ẹ bu díẹ̀ sí i!"

Lórí ẹ̀kẹfà, omi ti ń bọ́ lójú Láwuyì. "Ìyá, ẹ ṣàánú mi."

"Ìwọ náà ṣàánú igi emi wa. Ya ẹnu."

Ó jẹ ẹ́ tán. Èèyàn méjì ló dì í mú ní èjìká kó tó gbé àwo ìkẹyìn mì. Ó fẹ́ sùn, àmọ́ ó rántí orúnkún ìyá ẹ̀, ó rántí omi tí kò ní dúró, ló bá fipá dìde. Ó ní òun ń lọ.

"O ò tíì gba adìẹ," ni Ìyá Ṣégilọlá wí.

Adìẹ ẹ̀jẹ́ ni o. Ilé méje ló máa ń fi adìẹ kọ̀ọ̀kan rán ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ lọ sí Orí-Àpáta, kí wọ́n lọ tú u sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú wàhálà ilé yẹn. Adìẹ kan fún ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ kan. Láwuyì ní, "Ìyá, èmi nìkan mà ni." Wọ́n ní àwá dé ló wí. Wọ́n fi méjì sí ọwọ́ ọ̀tún, méjì sí tòsì, wọ́n so méjì kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n fi adìẹ dúdú kékeré kan sínú apẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Wọ́n ní, "Má sọ ọ̀kankan nù o, kí wàhálà wa má baà padà wálé."

Ẹ rí ọmọ Àwẹ̀ró lójú ọ̀nà! Ikùn ò jẹ́ kó rí ilẹ̀, òrí ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró. Ẹsẹ̀ fẹ́ lọ, ikùn ní òun ò bá a lọ. Kò tíì kọjá oko kẹta tó fi yọ̀, ó na gbalaja, okùn já, adìẹ fọ́n ká! Ó lé ọ̀kan, ó ṣubú. Ó lé òmíràn, ó yí gbirigbiri lọ bá igi emi kan. Kò lè dìde mọ́. Adìẹ dúdú kékeré yẹn nìkan ni kò sá. Ó gun orí ikùn Láwuyì, ó tẹ́ ìyẹ́, ó sàba lé e.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin gbọọrọ bú sẹ́kún. Kì í ṣe tìtorí ikùn. Ìyá ẹ̀ ló ń rò. Ó ń rò ó bó ṣe máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ òun níta, tó máa béèrè pé ta nìyẹn, tí òun ò ní rí omi kankan gbé fún un. Ojú tì í gan-an.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó gbọ́ ikọ́. Ikọ́ gidi ni lọ́tẹ̀ yìí. Baba Ògúnjìnmí ló ń bọ̀ jẹ́jẹ́, adìẹ kan lábíyá ẹ̀. Ẹníìtàn tẹ̀ lé e, adìẹ kan lọ́wọ́ òun náà. Àwọn mẹ́rin yòókù ń bọ̀, oníkálukú pẹ̀lú adìẹ tiẹ̀.

Láwuyì la ẹnu. "Baba, báwo lẹ ṣe mú wọn?"

"Mo kí i ni," ni Baba wí. "Mo béèrè àwọn ọmọ ẹ̀. Ló bá dúró."

Ẹníìtàn ò rẹ́rìn-ín. "A dé Ìdí-Emi," ló wí, "a kígbe pé àwá dé o. Wọ́n ní irọ́ ni, pé a ti dé lọ́sàn-án, a ti jẹun, a sì ti lọ. Láwuyì, ègbo mi dà?"

Láwuyì nawọ́ sí ikùn ara ẹ̀. Ìgbà náà ni Ẹníìtàn bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, Láwuyì ló ń rìn kẹ́yìn. Òun ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn sinmi lábẹ́ igi. Baba á ní, "Omi ò mà ní dúró dè wá o," á sì tún jókòó tì í.

Ọjọ́ kẹsàn-án gan-an ni wọ́n gun Orí-Àpáta. Omi ò ṣàn mọ́. Ó ti fà wọ inú pàlàpálá àpáta, ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹni tó gùn nìkan ni ọwọ́ ẹ̀ lè tó o, bí àwọn ẹlòmíì bá dì í lẹ́sẹ̀ mú. Gbogbo wọn yíjú sí Láwuyì. Ó dorí kodò, wọ́n di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ẹsẹ̀ yọ̀! Òrí Ìdí-Emi ṣì wà níbẹ̀. Ẹníìtàn bu iyanrìn, ó fi ha ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n tó rí i dì mú.

"Ẹ má fi mí sílẹ̀ o!" ni Láwuyì ń ké nínú àpáta.

"A dì ọ́ mú! Ègbo wa tó wà nínú ẹ ló wúwo!"

Ibi tó dorí kodò sí yẹn ló ti mọ̀ pé bí òun bá dá nìkan dé, òun ì bá kàn dúró lókè máa wo omi ni. Ó pọn kèrègbè méje kún. Wọ́n tú adìẹ méje sílẹ̀. Wọ́n yíjú sílé.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró, ìyá gbọ́ ìró ẹsẹ̀. "Ta nìyẹn?"

Láwuyì la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó yíjú padà, ó ń fi ìka tọ́ka: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta...

"Mo ní ta nìyẹn!"

"Ẹ ní sùúrù, ìyá mi, mò ń kà wá." Ó kà á dé méje, ó tún kà á láti ẹ̀yìn wá. Ó wá mí kanlẹ̀. "Àwá dé o!"

"Ẹ̀yin wo? Kí ló dé tó o fi ń ka èèyàn?"

Ẹníìtàn ò jẹ́ kó dáhùn. Ìta yẹn náà ló ti rò ó fún ìyá, látorí ikọ́ dórí adìẹ tó sàba. Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín Àwẹ̀ró nínú ilé. "Àwo méje? Irọ́ ni! Ọmọ tí kì í jẹ àkàrà kan tán! Ẹ jẹ́ kí n rí ikùn náà!" Kí wọ́n tó mọ̀, ìyá ti yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó di férémù mú, ó ń na ọwọ́ sí ikùn ọmọ ẹ̀. Ìgbà tó dé ibẹ̀ tán ló rántí pé orúnkún ń dun òun.

Gbogbo wọn wo kèrègbè. Wọn ò tíì ṣí i.

"Mo sọ fún ọ," ni Baba Ògúnjìnmí wí, "omi mọ̀ pé à ń bọ̀."

Látìgbà náà, bí ẹnìkan bá dá nìkan wọ ilé ní Olódán tó ní "àwá dé", wọn kì í bá a jiyàn. Wọ́n á kàn ní, "Ẹ gbé ègbo kaná, àwo méje!" Ẹ ó sì rí i tó máa yára sọ pé òun nìkan ni o, òun nìkan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá délé lónìí, ẹ wẹ̀yìn wò kẹ́ ẹ tó lanu, torí ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé".