Kóòtù Péńtà Lọ́rùn Télọ̀

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, kóòtù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ jà, kóòtù náà nìkan ni kò sì purọ́ níbẹ̀.

Péńtà ni ó pẹjọ́. Òun náà ni ó ń kun gbọ̀ngán ààfin láti òwúrọ̀, nítorí náà kò rìn jìnnà. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ tí ọ̀dà ti sọ di ẹyẹ ẹtù, ó yíjú padà, ó sì di olùpẹjọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ga bí àkàbà rẹ̀, ó sì tín-ín-rín bíi rẹ̀, àfi èjìká rẹ̀ tó gbòòrò.

Kábíyèsí jókòó. Àwọn ìjòyè jókòó.

"Kí ẹnikẹ́ni má fara kan òpó o," ni Péńtà kọ́kọ́ sọ. "Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ."

"Ṣé ẹjọ́ tí o wá rò nìyẹn?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Ẹjọ́ mi wà lọ́rùn Bọ̀dá Télọ̀."

Gbogbo ojú yí sí Télọ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ aró tó ní ìlà funfun tín-ín-rín, ó sì dé fìlà irú aṣọ kan náà. Ó bá a mu débi pé ìjòyè kan kò mọ ìgbà tó lanu.

"Kóòtù yìí mà dára o."

"Ẹ ṣé, bàbá," ni Télọ̀ wí, ó sì yí díẹ̀ kí bàbá lè rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Kóòtù mi ni!" Péńtà pariwo.

Kábíyèsí ní kó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Kábíyèsí, ọmọ onígbàjámọ̀ ni mo fẹ́ fẹ́. Ọmọ gbà. Ìyá rẹ̀ gbà. Bàbá rẹ̀ ló ní òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ òun, àfi bí òun bá fojú rí mi nínú aṣọ tí kò ní ẹ̀kán ọ̀dà kankan."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni onígbàjámọ̀ dáhùn láti igun. "Mo sì tún lè sọ ọ́. Ó wá kí mi lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó sórí àga oníbàárà mi. Títí di òní, ẹni tó bá gẹrun níbẹ̀ ń gbé àwọ̀ búlúù lọ sílé."

"Ọ̀la ló dá fún mi, Kábíyèsí. Bí ọ̀la bá kọjá, ó ní kí n yà fún ẹlòmíì. Owó iṣẹ́ mi ò sì tó aṣọ tuntun. Mo bá lọ sídìí òkìtì aṣọ àlòkù, mo tú u bí adìẹ ṣe ń tú ààtàn. Mi ò wo àwọ̀, mi ò wo bọ́tìnnì. Èjìká ni mo ń wò. Ìyá mi tó ti ta àlòkù rí ló kọ́ mi. Ó ní bọ́tìnnì ṣeé pààrọ̀, ikùn ṣeé fún, apá ṣeé gé, ṣùgbọ́n èjìká tí kò bá báni mu, kí èèyàn dá a padà sórí òkìtì kó máa lọ. Ìgbà tí mo gbé èyí wọ̀, àfi bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

"Kí lo wá ní kí Télọ̀ ṣe?"

"Kó fún ikùn rẹ̀ wọlé, kó gé apá rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan."

"Ó ṣe é?"

"Ó wọ̀ ọ́, Kábíyèsí. Ẹ wò ó."

Wọ́n wò ó. Télọ̀ tún bọ́tìnnì ṣe.

"Télọ̀, ẹnu rẹ dà?"

"Kábíyèsí, kí ẹ̀mí yín gùn. Oníbàárà oríṣi méjì ni mo ní. Ọ̀kan máa ń wá gbé aṣọ rẹ̀ wò kí n tó parí rẹ̀, ó sì ń sanwó wíwò. Ìkejì kì í wá, mo sì máa ń dínwó fún un. Àbúrò mi yìí ní kí n dínwó. Ó dáa. Ta ni kó wá bá a gbé e wò? Ṣé kí n wọ̀ ọ́ fún àga ni? Èmi fúnra mi ni mo yọ̀ǹda ara mi."

"Ara tìrẹ kọ́ ni ara tirẹ̀."

"Mo mọ̀, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n tèmi ló wà nítòsí."

Ìjòyè kan wúkọ́.

"Ṣé o ò wọ̀n ọ́n ni?"

"Mo wọ̀n ọ́n dáadáa. Orí àkàbà ni mo bá a. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó ní ọ̀dà ń gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì òun lọ́wọ́. Mo bá wọn ibi tí ọwọ́ mi dé."

"Ibo ni ọwọ́ rẹ dé?"

"Orúnkún rẹ̀."

Kábíyèsí yíjú sí Péńtà. Péńtà ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀dà máa ń gbẹ, Kábíyèsí," ni ó sọ jẹ́jẹ́.

"Ó dáa. Télọ̀, o ti gbé e wò. Kí ló dé tí o ò bọ́ ọ?"

"Kábíyèsí, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Kóòtù àlòkù dà bí ọmọ àgbàtọ́. Kì í mojú ilé tuntun lọ́jọ́ kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú un jáde, kó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó, kó mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Mo ń tọ́ ọ ni. Mo mú un lọ síbi ìsìnkú, ó hùwà dáadáa. Mo mú un lọ sí báńkì, wọ́n pè mí ní ọ̀gá."

"Kí lo lọ ṣe ní báńkì?"

"Mo lọ jókòó síbi tó tutù."

"Fìlà orí rẹ ńkọ́?"

Télọ̀ fọwọ́ kan fìlà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ní orí. "Èyí? Èyí ti pẹ́. Ìyàwó mi lè jẹ́rìí."

Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó kúnlẹ̀. "Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Èmi ni mo rà á fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa."

"Irọ́!" Aránbàtà ló sọ̀rọ̀, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Télọ̀ jọ fara ti ògiri kan. "Ìjẹta ló rán an. Òwú mi ló yá. Mo sì wà níbi ìgbéyàwó yẹn, orí òfìfo lọkọ yín gbé wá."

"Ó ní in. Kò kàn dé e ni," ni ìyàwó Télọ̀ sọ. "Ó ń tọ́jú rẹ̀."

"Ṣé ẹ ní ẹ̀yin lẹ rà á?" ni aránbàtà bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rà á, ó sì rán an."

Télọ̀ wo ìyàwó rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wo abẹ́rẹ́ tó kán síni nínú aṣọ.

"Gbé fìlà wá," ni Kábíyèsí wí.

Kábíyèsí yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ìlà funfun ara rẹ̀ àti ti apá kóòtù bá ara wọn délé. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Kí ni bọ́tìnnì ń ṣe lórí fìlà?"

"Ọ̀ṣọ́ ni, Kábíyèsí."

"Tèmi ò ní bọ́tìnnì."

"Bí ẹ bá gbé e wá ṣọ́ọ̀bù, màá bá yín ṣe é."

"Agbádá mi tí mo gbé wá ṣọ́ọ̀bù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

Télọ̀ wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo òrùlé.

"Ó ń... a ń tọ́ ọ lọ́wọ́, Kábíyèsí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ìjòyè kan níbẹ̀ tí kò ní aṣọ lọ́dọ̀ Télọ̀.

"Bọ́ kóòtù. Péńtà, gbé e wọ̀."

Péńtà gbé e wọ̀. Ikùn rẹ̀ ṣófo bí àpò ìrẹsì tí wọ́n ti tú dànù. Apá rẹ̀ dúró lágbedeméjì, ó ní òun ò lọ mọ́, ọwọ́ Péńtà sì ń dá lọ fúnra rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ọmọ onígbàjámọ̀ dúró níbẹ̀, ó ń wò ó láti òkè dé ilẹ̀, láìyára.

"Èjìká rẹ̀ dára," ni ọmọbìnrin náà sọ.

Kábíyèsí gbọ́ ọ. Ó ronú. "Onígbàjámọ̀, kí lo ní o fẹ́ rí?"

"Aṣọ tí kò ní ọ̀dà, Kábíyèsí."

"O sọ̀rọ̀ apá?"

"Mi ò sọ̀rọ̀ apá."

"O sọ̀rọ̀ ikùn?"

"Mi ò mọ̀ pé ó máa le tó báyìí."

"Wò ó."

Onígbàjámọ̀ wò ó bí ẹni tó ń wá làpálàpá lórí ọmọ ọlọ́mọ. Ó gbé kọ́là, ó tú àpò, ó fi èékánná ha ẹ̀yìn àti iwájú. "Kò sí ọ̀dà lára kóòtù. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò tó wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ yìí..."

"Ṣòkòtò kò sí nínú ẹjọ́ yìí. Bí o bá fẹ́ pe ṣòkòtò lẹ́jọ́, wá lọ́jọ́ mìíì."

Onígbàjámọ̀ mú ojú kúrò lára ṣòkòtò.

"O ti rí i," ni Kábíyèsí wí. "O ti fojú rí i níwájú mi. Ẹ máa lọ sọ̀rọ̀ ọmọ."

Bí onígbàjámọ̀ ṣe yíjú síwájú láti dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Kábíyèsí, Péńtà mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ohun tó sún mọ́ ọn jù.

Òpó ni.

Ó tutù lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló kun ún. Kò sẹ́ni tó nílò láti sọ fún un bó ṣe nípọn tó.

Gbogbo ìgbìmọ̀ rí i, àfi onígbàjámọ̀ tó ṣì dojú bolẹ̀. Kábíyèsí wo òpó tó ti gba àwòrán èjìká kóòtù sára, èjìká náà sì bá òpó mu. Ó wo ọmọbìnrin tó fọwọ́ bo ẹnu lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ó wá wo Télọ̀.

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ," ni ó wí. "Gbọ́ ìdájọ́ rẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wàá tú fìlà yìí, wàá rán an padà sí apá kóòtù, pẹ̀lú bọ́tìnnì rẹ̀. Èkejì: láti ìṣẹ́jú yìí títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, níbikíbi tí bàbá ìyàwó bá wà, ẹ̀yìn kóòtù yìí ni wàá máa rìn. Kí o lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Atẹ́gùn ò gbọdọ̀ gba àárín yín kọjá."

"Kábíyèsí! Kí ni mo fẹ́ máa ṣe lẹ́yìn rẹ̀?"

"Wàá máa tọ́ ọ."

Ẹ̀ṣọ́ kan ti Télọ̀ síwájú. Nígbà tí onígbàjámọ̀ dìde, tó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, tó yíjú, ó bá àna rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àti Télọ̀ tó fi ikùn bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Ìdájọ́ ni, bàbá," ni Péńtà wí.

Àwọn méjèèjì fẹ̀gbẹ́ rìn jáde bí akàn. Lẹ́nu ọ̀nà, Télọ̀ gbìyànjú láti sún sẹ́yìn díẹ̀ kó lè mí. Ẹ̀wù funfun rẹ̀ kò gbà fún un.

"Àbúrò," ni ó sọ sétí Péńtà, "ó jọ pé a ti lẹ̀."

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ni Péńtà dáhùn, ojú rẹ̀ ń bẹ lára ọmọbìnrin náà. "Ọ̀dà máa ń gbẹ."