Bó Ṣe Wà Tẹ́lẹ̀ Gan-an

Kò sí ìwé tí bàbá yìí ò tíì kà tán. Ẹ sáà bi í. Ìwé inú páálí oògùn, ó ti kà á tán. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri báńkì, ó ti kà á tán. Ni àdúgbò bá sọ ọ́ ní Mokàátán, ó sì rò pé oríkì ni.

Iná wá jó ilé ìdáná ẹ̀. Ẹ má bínú, díẹ̀ ló kù kí ìyàwó ẹ̀ yọ̀! Ọdún mẹ́jọ lobìnrin yẹn ti ń fẹ̀gbẹ́ wọbẹ̀ bí alákàn, torí ilẹ̀kùn ẹ̀ ń ṣí sínú, ara sítóòfù ló sì ń lọ gbá. Iléeṣẹ́ adójútòfò tí wọ́n ń sanwó fún lọ́dọọdún nítorí irú ìjàǹbá báyìí ní àwọn ò ní fún wọn lówó, àwọn á tún un ṣe fúnra àwọn. Wọ́n rán bíríkìlà wá.

Bíríkìlà wo ilẹ̀kùn, ó wo sítóòfù, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á kúkú yí i kó máa ṣí síta, ọ̀fẹ́ ni.

Mokàátán bá yọ ìwé àdéhùn.

"Ọ̀gá, ẹ ò lè fi ọ̀fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Ojú ìwé kẹrin: ẹ gbọ́dọ̀ dá ilé mi padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. 'Tẹ́lẹ̀' ni wọ́n kọ, wọn ò kọ 'dáadáa'."

"Dádì, ilẹ̀kùn yẹn ò dáa o," ìyàwó ẹ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ṣé o ti ka ìwé ẹ̀ ni?"

Bíríkìlà ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò fẹ́. Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ya fọ́tò ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí. Àgbà kì í wà nílé kí ilẹ̀kùn wọ́. Àgbà tiwa wà nílé, òun ló ní kí wọ́n gbé e wọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ parí. Iléeṣẹ́ ò yẹsẹ̀ rárá. Mokàátán pe àwọn àna ẹ̀ jọ, ó ní òun lòun máa kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tí ò wọ ilé ìdáná rí látọjọ́ tó ti gbéyàwó! Ìdajì ẹ̀ wọlé. Ikùn ẹ̀ há.

Ó fọwọ́ kan tó ráyè pe iléeṣẹ́. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù níbẹ̀ kí i kú oríire, ó bi í bóyá gbogbo ẹ̀ rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn àna ló fà á yọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó sá sẹ́yìn ilé, ó rọra pe bíríkìlà pé kó wá yí ilẹ̀kùn, òun á sanwó ẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bó ṣe yẹ kó rí.

"Sà," bíríkìlà dá a dúró, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún ẹni tó ń dáná."